Òdòdó Tí Mo Rò Pé Ó Ti Kú

Ǹjẹ́ ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbin nǹkan kan rí, tí ẹ bomi rin ín, tí ẹ ń ṣọ́ ọ bí ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n tí ẹ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ rí i pé ó ti gbẹ, tí ó dúdú bí ẹni pé iná jó o? Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò tètè yé yín.

Ní ọdún 2017, ọdún kan lẹ́yìn tí ọkọ mi papòdà, ọmọbìnrin mi tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun wẹ ọmọ tuntun. Ìbàdàn ni mo ti ń gbé láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ilẹ̀ tí mo mọ̀ ni èyí tí ènìyàn ń da hóró ìbẹ́pẹ sí lẹ́yìn ilé, tí yóò sì hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bojú wò ó. Nígbà tí mo dé Maryland, inú ilé ni mo ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọmọ mi a gba ibi iṣẹ́ lọ, ọkọ rẹ̀ náà a sì lọ, a wá ku èmi àti ọmọ ọwọ́. Kò sí ẹni tí yóò gba ojú fèrèsé kí mi pé ẹ kú àárọ̀. Bí ọmọ bá ti sùn, ìrònú nípa ọkọ mi ni yóò gba ọkàn mi kan. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Ọmọ mi rí i, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ì bá sọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ ọmọ mi gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀gbìn. Ó ní, "Màmá, ẹ mú ohunkóhun tó bá wù yín. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wà lófo." Mo wá ewédú, n kò rí i. Mo wá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, n kò rí i. Òdòdó kan ni ojú mi bà lé. Mo mú méjì. Òdòdó yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí ó kọ́ mi ní ohun púpọ̀. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ìlú òyìnbó, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín máa gbé ibẹ̀.

Irú Òdòdó Wo Ni?

Coneflower ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Echinacea ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ní ọdún 1794. Orúkọ yìí wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó dúró fún ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó jọ òòrẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àárín òdòdó náà yọ sókè gọngọ, ó sì ń gún ni lọ́wọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ewé òdòdó tí ó yí àárín yìí ká ní àwọ̀ elésè àlùkò tí ó ń pọ́n díẹ̀, wọ́n a sì máa rọ̀ wálẹ̀ bí etí fìlà abetí-ajá. Igi rẹ̀ a ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́rin.

Bí ẹ bá tẹjú mọ́ àárín rẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe òdòdó kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló pé jọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè di hóró irúgbìn kan. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi kà á mọ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú ewúro, yánrin àti imí-eṣú tí a mọ̀ nílé. Nígbà tí ọmọ mi kà á fún mi, mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, "A jẹ́ pé ìbátan ewúro ni mo gbìn sílẹ̀ òyìnbó!"

Oríṣi bíi mẹ́sàn-án ló wà, ilẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà nìkan sì ni ilé gbogbo wọn. Lórí pápá oko tí ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń hù fúnra wọn. Èyí tí àwọn ènìyàn ń gbìn sílé jù ni Echinacea purpurea, èyí náà sì ni mo rà.

Ọ̀kan wà láàrin wọn tí ìtàn rẹ̀ ṣe mí ní kàyéfì. Ní àyíká ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee nìkan ni ó ń hù, lórí ilẹ̀ olókùúta tí erùpẹ̀ rẹ̀ kò jìn. Àwọn ènìyàn ti gbà pé ó ti parẹ́ pátápátá kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Ṣùgbọ́n ní òpin àwọn ọdún 1960, Ọ̀mọ̀wé Elsie Quarterman, olùkọ́ obìnrin ní Yunifásítì Vanderbilt, tún rí i níbi tí ó rọra ń hù sí. Ní 1979, ìjọba Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ọ̀gbìn tí ewu ìparẹ́ wà lórí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo ilẹ̀ tí ó ń hù sí. Nígbà tí ó fi di 2011, ó ti tún pọ̀ sí i débi pé wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé náà. Ìyá Quarterman wà láàyè tí èyí fi ṣẹlẹ̀. Ọdún 2014 ni ó kú, lẹ́ni ọdún 103. Ohun tí gbogbo ènìyàn ti sọ pé ó ti tán, kò tán!

Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín

Òdòdó yìí kì í ṣe alákọrí, ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń béèrè, kò sì ní gba nǹkan mìíràn dípò wọn. Àkọ́kọ́ ni oòrùn. Ibi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́ ni kí ẹ gbìn ín sí. Bí ẹ bá gbìn ín sábẹ́ òjìji, yóò ga tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì máa wó lulẹ̀. Èkejì ni ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ọmọ mi jẹ́ amọ̀ pupa tí ó ki, bí irú èyí tí a fi ń mọ ìkòkò. Ọkọ ọmọ mi fi ṣọ́bìrì tú u, a sì po ewé jíjẹrà tí ó ti di ilẹ̀dú mọ́ ọn dáadáa kí omi lè máa ráyè ṣàn lọ. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà nínú omi, pàápàá nígbà òtútù, jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Lẹ́yìn tí òtútù líle bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn nǹkan bí oṣù karùn-ún ní Maryland, ni kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ ju ìkòkò rẹ̀ lọ. Ẹ má ri í jìn ju bí ó ṣe wà nínú ìkòkò lọ, kí ọrùn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Láti orí ọ̀kan dé èkejì, ẹ fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín lọ́sẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀. Omi tí yóò wọlẹ̀ lọ ní àrọ̀kúnná lẹ́ẹ̀kan sàn ju kí ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá fi pé ọdún kan, gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti fìdí múlẹ̀, ọ̀dá kò sì ní tètè rí i mú. Ní ti ajílẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Èmi tí mo ti dáko rí rò pé bí ajílẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Mo dà á sí i yanturu ní ọdún kejì. Ewé pọ̀, igi ga, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò kan pẹ̀lú ìjì rọ̀, gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ilẹ̀dú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ti tó o.

Ìgbà Òtútù Dé

Òdòdó mi tanná ní oṣù keje ọdún yẹn. Oyin wá, labalábá wá. Ọmọ-ọmọ mi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn a máa na ọwọ́ sí wọn. Ní gbogbo òwúrọ̀, kí n tó mu tíì, èmi yóò ti jáde lọ wò wọ́n. Àṣé nǹkan tí mo nílò ni ohun kan tí yóò mú mi jáde kúrò nínú ilé. Oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, òtútù dé. Ewé rọ. Igi tí ó dúró ṣinṣin di dúdú. Àárín òdòdó tí ó ti pọ́n rí wá dà bí èédú. Ní àsìkò Kérésìmesì, kò sí ohun tí ó kù níbẹ̀ ju pàǹtí igi gbígbẹ lọ. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó, omijé sì bọ́ lójú mi. Kì í ṣe nítorí òdòdó nìkan. Mo wí nínú ara mi pé, "Kí ni mo tún gbìn tí kò ní kú?"

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ẹ̀wù òtútù, mo mú ṣọ́bìrì, mo sì jáde lọ láti hú u dànù. Ìyá arúgbó kan, òyìnbó, ni aládùúgbò wa. Kò tíì bá mi sọ ju gbólóhùn méjì lọ láti ìgbà tí mo ti dé. Ó rí mi lórí ògiri igi tí ó là wá láàrin, ó sì ké sí mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára fún mi, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ yé mi: "Má hú u! Kò kú. Ó ń sùn ni. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀."

Mo wò ó. Mo wo igi gbígbẹ náà. Àgbà tí ó ń gbé ìlú ni ó mọ bí ìlú ṣe rí. Mo gbé ṣọ́bìrì mi padà sínú ilé.

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni ìyá yìí sọ. Ohun ọ̀gbìn tí ó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún ni coneflower. Bí òtútù bá dé, ohun tí ó wà lókè ilẹ̀ ni yóò kú. Gbòǹgbò á wà láàyè lábẹ́ ilẹ̀, àní bí yìnyín bá tilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kódà ìsinmi òtútù yẹn ṣe é láǹfààní. Àárín oṣù kẹrin ọdún 2019 ni mo rí ewé kékeré tútù tí ó yọrí láti inú ilẹ̀, ní ìdí igi dúdú yẹn gan-an. Mo pariwo débi pé ọmọ mi sáré jáde, ó rò pé mo ti ṣubú.

Ìtọ́jú Láti Ọdún Dé Ọdún

Ẹ má ṣe kánjú gé igi gbígbẹ náà nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní goldfinch. Akọ rẹ̀ a pọ́n bí ẹ̀gà ilé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìyẹ́ apá rẹ̀ sì dúdú. Hóró coneflower jẹ́ oúnjẹ tí ó fẹ́ràn púpọ̀. Bí ẹ bá fi orí òdòdó gbígbẹ sílẹ̀, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí yóò máa wá jẹ ẹ́. Ọmọ-ọmọ mi a máa ké pé, "Màmá Àgbà, ẹ wò ó! Ẹyẹ ti dé!" Nígbà tí òtútù bá ń lọ, kí ewé tuntun tó yọ, ni kí ẹ gé igi àtijọ́ kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí ó bá ń tanná, bí ẹ bá ń gé èyí tí ó ti rọ kúrò, òmíràn yóò máa yọ, yóò sì pẹ́ kí ó tó dáwọ́ dúró. Ẹ lè máa ṣe èyí láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún ẹyẹ.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdí rẹ̀ yóò ti fẹ̀. Ẹ lè wú u ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, kí ẹ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì tún wọn gbìn. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí a máa da gbòǹgbò rẹ̀ láàmú lemọ́lemọ́.

Ehoro fẹ́ràn ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Wáyà kékeré tí a fi yí i ká ni a fi ń dènà wọn títí yóò fi dàgbà díẹ̀.

Bí Ẹ Bá Fẹ́ Gbìn Ín Láti Inú Hóró

Ní ọdún 2019, mo gba hóró láti ara òdòdó mi. Mo gbìn ín sínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nínú ilé tí ó móoru. Nínú ogún hóró, méjì péré ló hù. Ọmọ mi ló bá mi wá ìdí rẹ̀. Púpọ̀ nínú hóró òdòdó yìí ń retí òtútù kí wọ́n tó hù dáadáa, nítorí nínú igbó, abẹ́ yìnyín ni wọ́n ti ń sùn mọ́jú. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a fi hóró sínú iyanrìn ọ̀rinrin tàbí bébà ọ̀rinrin, kí a dì í sínú ọ̀rá, kí a sì gbé e sínú fìríìjì, kì í ṣe ibi tí omi ti ń dì, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kí a gbìn ín, kí a fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ọ̀nà kejì rọrùn jù: kí ẹ fọ́n hóró sórí ilẹ̀ níta kí òtútù tó dé, kí ẹ jẹ́ kí òtútù fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ fi sọ́kàn pé ewé nìkan ni ẹ lè rí ní ọdún àkọ́kọ́. Ọdún kejì ni òdòdó sábà máa ń dé. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bákan náà, ní òde òní oríṣi aláwọ̀ ìyeyè, ọsàn àti pupa wà lọ́jà, àwọn kan sì ní ewé òdòdó ní ìpele ìpele. Wọ́n wu ojú, ṣùgbọ́n hóró wọn kì í sábà bí irú ara wọn. Oyin kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí oúnjẹ jẹ lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn onípele yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí yóò pẹ́ tí oyin yóò sì fẹ́ràn, ẹ mú èyí tí ó rọrùn.

Àrùn àti Kòkòrò

Àìsàn tí ó burú jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní aster yellows. Kòkòrò kékeré tí ń fò láti orí ewé dé orí ewé ló ń gbé e kiri. Bí ẹ bá rí òdòdó tí ó di aláwọ̀ ewé, tí ewé tún ń hù jáde láti àárín rẹ̀ bí ohun abàmì, òun nìyẹn. Kò ní oògùn. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sì sọ ọ́ nù kí ó má bàa ran àwọn tí ó kù. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo hú ọ̀kan nínú tèmi ní 2021, ṣùgbọ́n àwọn yòókù yè.

Kòkòrò kan tí ń dán bí bàbà, tí wọ́n ń pè ní Japanese beetle, a máa jẹ ewé òdòdó rẹ̀ ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi kì í fín oògùn sí i nítorí oyin. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí ara wọn kò tíì yá, mo máa ń gbọ̀n wọ́n sínú omi ọṣẹ. Bí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bá bo ewé rẹ̀, ìfúnpọ̀ ló sábà ń fà á. Ẹ dín in kù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ọ̀rọ̀ Gbòǹgbò àti Oògùn

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí Lakota, Omaha àti Cheyenne, ti ń lo gbòǹgbò oríṣi coneflower kan fún eyín ríro, ọ̀fun dídùn àti oró ejò. Ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Meyer ní ìlú Pawnee City, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, fi gbòǹgbò náà ṣe oògùn tí ó pè ní afọ̀jẹ̀mọ́. Ó dá a lójú débi pé ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ejò olóró bu òun ṣán lójú àwọn onímọ̀ ìṣègùn, kí òun sì fi oògùn náà wo ara òun sàn. Wọn kò gbà fún un. Títí di òní, a ń ta echinacea ní hóró àti ní tíì káàkiri ayé fún ọ̀fìnkìn.

Ní ọdún 2019 yẹn kan náà, àbúrò mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn. Àìsàn oríkèé-ríro ń bá a fínra, dókítà sì ti fún un ní oògùn tí ń dín agbára tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà kù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé gbòǹgbò òdòdó yín yẹn ń fún ara lágbára ju oògùn dókítà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́." Inú mi dùn pé mo ní ohun tí mo lè fún un. Mo wú ìdí kan, mo fọ gbòǹgbò rẹ̀, mo sá a sínú oòrùn.

Nígbà tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá a lórí àtẹ. Ó béèrè ọ̀rọ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Bí nǹkan yìí bá lágbára láti ru ara sókè bí wọ́n ṣe sọ, ohun tí oògùn Àǹtí ń gbìyànjú láti mú wálẹ̀ gan-an ni yóò máa rú sókè. Bí kò bá sì lágbára, kí ni wọn yóò fi dá oògùn dúró sí?"

Mi ò lè fèsì. Mo pe àbúrò mi. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó ti dá oògùn rẹ̀ dúró láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ó ń retí tèmi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó bínú sí mi. Ó ní mo ti di òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi gbé ìpè mi. Nígbà tí ó lọ tán, dókítà rẹ̀ sọ ohun kan náà tí ọmọ mi sọ fún un, ó sì padà sórí oògùn rẹ̀. Lónìí, àwa méjèèjì ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí òtítọ́ yé wa. Àwọn onímọ̀ ti yẹ echinacea wò léraléra fún ọ̀fìnkìn, èsì rẹ̀ kò sì dọ́gba. Àwọn kan rí àǹfààní díẹ̀, àwọn mìíràn kò rí rárá. Lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1994, ẹni tí ń ta irú nǹkan báyìí gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ kò nílò kí ìjọba kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ó ń ṣiṣẹ́ kí ó tó tà á. Ara àwọn mìíràn sì kọ̀ ọ́. Ó lè mú ara wọn yún tàbí kí ó wú. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ń lo oògùn dókítà, aboyún, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà, kí ó béèrè kí ó tó fi sẹ́nu. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ kà lórí fóònù.

Ẹ̀yin Tí Ẹ Wà Nílé

Ọ̀pọ̀ yóò béèrè pé, "Ṣé a lè gbìn ín ní Ìbàdàn tàbí Èkó?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ilẹ̀ tí òtútù ti ń wá lọ́dọọdún ni ilé rẹ̀. Ilẹ̀ tiwa tí ó móoru tí ó sì ń rin láti ọdún dé ọdún kò bá a lára mu. Ẹ má sì di hóró mọ́ àárín aṣọ wá sílé. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ní òfin lórí hóró àti ohun ọ̀gbìn tí ń wọ̀lú, nítorí kòkòrò àti àrùn tí ó lè bá a wọlé. Bí ẹ bá ń fẹ́ òdòdó tí ó bá a tan, sunflower, marigold àti zinnia wà tí wọ́n ń ṣe dáadáa nílẹ̀ wa. Ewúro ẹ̀yìnkùlé yín náà kò kéré. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó tanná lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo bí oyin yóò ṣe kún orí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mú òbí lọ sókè òkun, mo bẹ̀ yín, ẹ fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀, bó ṣe ìkòkò mẹ́ta péré. Ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa jókòó wo ògiri. Ẹ̀yin opó bíi tèmi, ẹ gbin nǹkan kan.

Ìyá arúgbó aládùúgbò wa ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nísinsìnyí. Kí ó tó lọ, mo pín ìdí kan fún un nínú ìkòkò. Méjì ni mo rà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo kà wọ́n kẹ́yìn, mọ́kànlá ni wọ́n. Nígbà tí òtútù bá tún dé tí gbogbo wọn sì dúdú, èmi kì í mú ṣọ́bìrì mọ́. Mo ti mọ̀ pé gbòǹgbò wà nísàlẹ̀.